Mo fẹ́ kó ìdílé mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ayétòrò kí òkun tó gbé ìyókù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Ìbejì Lágéré (oṣù kẹwàá)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé, ní Lágéré. Ìyá ìyàwó mi ti wà lọ́dọ̀ wa láti ọdún tó kọjá. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, Ayétòrò tó wà ní etíkun ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n bí wọn sí ní 1949, ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n tẹ ìlú náà dó. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti débẹ̀ kẹ́yìn.

Lóṣù tó kọjá, ẹnìkan fi fídíò ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Òkun ń wọ inú ilé, pákó ń léfòó, àwọn ènìyàn ń gbé mátírẹ́ẹ̀sì lérí jáde. Màmá wò ó títí, wọ́n ní ká tún un bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún ní ká tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìka kan ojú fóònù, wọ́n ní, "Ibí yìí ni ilé ìdáná wa wà." Omi nìkan ló wà níbi tí wọ́n fọwọ́ kàn.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu wọn ju pé àwọn fẹ́ fojú kan ibẹ̀ lọ. Mo ti gbà fún wọn. Àmọ́ èmi ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé mi, ọmọdé sì ni ìyàwó mi nígbà tó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Ènìyàn mẹ́fà ni wá: Màmá (ẹni ọdún 76, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún sì ń dùn wọ́n), èmi, ìyàwó mi, àwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 9, àti Ìdòwú tó jẹ́ ọmọ ọdún 4.

Oṣù wo ló dára jù? Irú ọkọ̀ wo ni ká wọ̀? Níbo la ó sùn? Ṣé ó tọ́ kí n gbé Ìdòwú dání? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ibẹ̀ kó fèsì.

Ọmọ Ìlàjẹ Nífẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ùgbòńlá ni wọ́n bí mi sí, mo sì máa ń lọ sílé lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe máa ń ṣe é.

Láti Ifẹ̀, ẹ gba Oǹdó, ẹ já sí Ọ̀rẹ̀, ẹ kọjá sí Òkìtìpupa, lẹ́yìn náà Igbókọ̀dá. Igbókọ̀dá ni mọ́tò yín yóò dúró sí. Ẹ má gbèrò àtijí ní Ifẹ̀ kí ẹ sì dé Ayétòrò lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀nà lè dá yín dúró, ẹ ó wá dé ebúté lágogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹnìkan á ní ọkọ̀ ìkẹyìn ló fẹ́ ṣí yẹn, ara á máa kán yín. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àjọ NIWA tó ń mójú tó odò ilẹ̀ wa kò fàyè gba ìrìn òru lórí omi. Ẹni tó bá ti rí kùkùté igi tó fara pamọ́ sábẹ́ omi rí mọ ìdí rẹ̀. Ẹ sùn sí Igbókọ̀dá. Ẹ wọ ọkọ̀ lágogo mẹ́jọ àárọ̀, kí ẹ sì ti kúrò ní Ayétòrò kó tó di agogo méjì ọ̀sán.

Ẹ má lọ láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án. Ìgbà yẹn ni òkun máa ń ru jù, òjò á sì tún wà lójú ọ̀run. Oṣù kìíní dára, oṣù kejì náà dára, àfi pé ọyẹ́ lè da kùrukùru bo odò láàárọ̀. Tí ẹ ò bá rí igi tó wà ní òdìkejì odò, ẹ jókòó, ẹ mu ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ jẹ́ kí oòrùn là á.

Ní ti ọkọ̀, ẹ má wọ èyí tó ń dúró de èrò kó kún. Ẹ háyà ọ̀kan lódidi. Ó wọ́n díẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin lẹ ó pinnu iye ẹni tó máa jókòó síbẹ̀. Ẹ bá awakọ̀ ṣe àdéhùn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, lójú ẹ̀rí, pé lílọ àti bíbọ̀ ni, pé á dúró dè yín. Ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ẹ tó sanwó. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ béèrè ibi tí àjẹ̀ wà. Ìdí ni pé ewé kan wà tó máa ń léfòó lórí odò wa, ọdún 1984 ló wọ Nàìjíríà, ó sì máa ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì. Tó bá wé e, awakọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì, á gbé e sókè, á mú ọ̀bẹ, á máa gé e kúrò ní díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó kàn wà láàárín odò ní ìdákẹ́rọ́rọ́. Ẹ ti sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú, kí ẹ̀rù má bà wọ́n.

Màmá Ẹlẹ́ja

Mi ò ní kí ẹ má lọ. Àmọ́ ẹ fi Ìdòwú sílẹ̀ o.

Odò kan ni àbúrò mi ọkùnrin bá lọ. Ilẹ̀ ti ṣú, ọkọ̀ kún, ó forí sọ igi. Kì í ṣe pé kò sí láífù-jákẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ ọ̀hún. Ó wà. Orí rẹ̀ ni wọ́n jókòó lé, torí pé pákó ìjókòó le. Ẹnìkan tó yè ló sọ fún wa. Ọdún kọkànlá rèé, mi ò lè gbàgbé pé ohun tó yẹ kó wà láyà rẹ̀, ìdí rẹ̀ ló wà.

Bàbá Ìbejì Lágéré

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún un. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín sétí ìyàwó mi, àwa méjèèjì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mi ò tíì pinnu lórí Ìdòwú.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀ṣà

Iléṣà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àgbàlagbà ni mo sì ń tọ́jú jù.

Ẹ má jẹ́ kí Màmá fo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn nítorí ìrìnàjò, kódà fún ọjọ́ kan. Ẹ wò ó bóyá ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń mú ni tọ̀ léraléra. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bi dókítà wọn léèrè ìgbà tó yẹ kí wọ́n lò ó lọ́jọ́ náà, torí pé kò sí ilé ìtọ̀ nínú ọkọ̀ kékeré, ìyá àgbà kò sì ní sọ fún yín pé ara ń ni òun. Wọn á kàn kọ̀ láti mu omi ni, oòrùn á wá mú wọn. Èyí tó ń dà wá láàmú jù nìyẹn.

Iwájú ọkọ̀ ló ń fò jù tó bá ń sáré. Gbogbo bó ṣe ń balẹ̀ gbì, ẹ̀yìn àgbàlagbà ló ń gbà á. Ẹ̀yìn tàbí àárín ni kí Màmá jókòó sí, kí ẹ sì ká aṣọ tó nípọn sábẹ́ wọn. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé kó rọra.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ró ìró tó fún lẹ́sẹ̀. Ẹ wá aṣọ tí wọ́n á fi lè ya ẹsẹ̀ dáadáa, torí orúnkún yẹn ló máa gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ láti ebúté sínú ọkọ̀. Ènìyàn méjì ni kó dì wọ́n mú, ẹnìkan nínú ọkọ̀, ẹnìkan lókè. Òkè gbogbo aṣọ ni jákẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà. Mo ti rí ìyá tó da ìborùn bò ó kó lè bá aṣọ mu.

Èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo abiyamọ tó ń ka èyí gbọ́ rèé: ẹ má pọn ọmọ nínú ọkọ̀ ojú omi. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ìyá ni ọkàn wa máa ń balẹ̀ sí. Tí ọkọ̀ bá dojú dé, ọmọ tí wọ́n fi ọ̀já dì mọ́ni lẹ́yìn kò lè gbé orí sókè, ìyá náà kò sì lè tú u. Kí ọmọ wọ jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ yín.

Ayọ̀ L'Ọ́ọ̀fà

Tó bá jẹ́ òkun ni Màmá fẹ́ rí, ṣé etíkun Araròmí ò tó? Mọ́tò ń débẹ̀. Kò sí ọkọ̀ ojú omi, kò sí jákẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ á sì fi yanrìn ṣeré.

Tíṣà Modákẹ́kẹ́

@Ayọ̀ L'Ọ́ọ̀fà, kì í ṣe òkun ni Màmá fẹ́ rí. Ìlú wọn ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ìlú tó jẹ́, torí mo rò pé ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ọ́n.

Oṣù kìíní ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà kan láàárín àwọn Ìlàjẹ, tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí, kó ara wọn jọ, wọ́n lọ tẹ ìlú tiwọn dó sórí ẹrẹ̀ létí òkun. Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn. Ohun tí wọ́n ṣe kò wọ́pọ̀: àpò wọn jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó bá pẹja kò tà á fún ara rẹ̀. Ẹni tó bá hunṣọ, ẹni tó bá kan ọkọ̀ ojú omi, ẹni tó bá rán bàtà, àpò ìlú ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, àpò ìlú ló sì ń bọ́ gbogbo wọn. Ogélóyinbó ni wọ́n ń pe olórí wọn. Wọ́n kọ́ ilé sórí òpó, wọ́n fi pákó tẹ́ ojú ọ̀nà gbalaja, wọ́n dá iná mànàmáná sílẹ̀ fúnra wọn láàárín ọdún 1950 sí 1960, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Àwọn ènìyàn ti òkè òkun wá ń wò wọ́n. Nígbà tó kù díẹ̀ kí àwọn ọdún 1960 parí, wọ́n fòpin sí àpò kan ṣoṣo náà, oníkálùkù bẹ̀rẹ̀ sí í dá tirẹ̀ ní.

Ẹ wo ọjọ́ orí Màmá. Inú àpò kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ti ṣe ọmọdé. Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù kí ẹ tó lọ, kí ẹ tún gbà á nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ta ló ń sè, ta ló ń pín.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù fún àwọn ìbejì. Ẹ mú wọn lọ wo ère Mọ́remí tí wọ́n ṣí ní 2016, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42, kí ẹ tó gbéra. Gbogbo ọmọ Ifẹ̀ ló mọ ìtàn pé àwọn Ùgbò máa ń wọ ìko wá kó wa lẹ́rú, a rò pé iwin ni wọ́n, títí Mọ́remí fi jẹ́ kí wọ́n mú òun, tó lọ mọ àṣírí wọn, tó padà wá sọ fún wa pé ènìyàn ni, kí a fi iná pàdé wọn. Olúorogbo ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló fi san án fún odò Èsìnmìrìn. A ṣì ń ṣe Edì títí dòní. Ilẹ̀ àwọn Ùgbò yẹn lẹ̀ ń lọ. Ó yẹ kí ọmọ Ifẹ̀ mọ̀ pé ìlú wà lẹ́yìn ìtàn náà, pé àwọn ènìyàn ń gbé níbẹ̀, wọ́n ń yan ẹja, wọ́n sì ń kọ́mọ níwèé.

Ọmọ Ìlàjẹ Nífẹ̀

Ẹ ṣé, Tíṣà. Àwa náà ń sọ ìtàn yẹn o, bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa. Àwọn bàbá wa ní àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ wà nílẹ̀ Ifẹ̀ kí àwọn mìíràn tó dé, pé wọ́n lé wọn kúrò ni. Kí àwọn ìbejì bi àwọn àgbà ibẹ̀ fúnra wọn.

Ayọ̀ L'Ọ́ọ̀fà

Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Àmọ́ kí ló dé tí òkun ń jẹ Ayétòrò, tí kò jẹ Araròmí bẹ́ẹ̀? Kí ló sì dé tí wọn ò kúrò níbẹ̀?

Ọmọ Ìlàjẹ Nífẹ̀

Etíkun wa lápá Màhìn yẹn, ẹrẹ̀ ni, kì í ṣe yanrìn. Bí ìgbì bá kó yanrìn lọ lónìí, ó lè dá a padà lọ́la. Ẹrẹ̀ kì í padà, ṣe ló máa ń yòrò sínú omi. Ilẹ̀ náà tún rẹlẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ, òkun fúnra rẹ̀ sì ń ga sí i káàkiri ayé. Ẹ wá fi ti àwọn elépo kún un. Lápá Àwóyè, ọ̀nà omi kan tí wọ́n là já òkun ló jẹ́ kí omi iyọ̀ ya wọ inú omi dídùn. Igi ibẹ̀ gbẹ dúró, ẹja odò sì kú.

Wọ́n ti kúrò. Ìgbà mélòó ni wọ́n ti kúrò! Wọ́n á tú ilé, wọ́n á kó pákó sẹ́yìn, wọ́n á tún un kọ́, òkun á tún dé. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń ṣèlérí ògiri ìdènà omi fún wọn. Ẹ̀yìn wọn, irà ni. Ibo ni kí apẹja kúrò lọ, tí á ṣì máa jẹ́ apẹja?

Ọmọ Obòkun

Èmi ò mọ ibẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Àwa ní Iléṣà, ọmọ ẹni tó bu omi òkun ni wá. Ojú Odùduwà fọ́, wọ́n ní omi òkun ló máa là á, àwọn ọmọ yòókù kò lè lọ, Ajíbógun ló rin ìrìn náà lọ tó sì bu ú wálé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń pe ọba wa ní Ọwá Obòkun. Ọmọ tó lọ sí òkun nítorí ojú òbí rẹ̀, irú ìrìn yẹn náà lẹ fẹ́ rìn yìí. Tí Màmá bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n bu omi ibẹ̀ sínú ike, kí wọ́n gbé e wálé.

Ẹ ra omi inú ọ̀rá dání o. Mo gbọ́ pé omi ibẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n kò ṣeé mu.

Bàbá Ìbejì Lágéré (oṣù kejìlá)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti pinnu. Oṣù kìíní ni, gbogbo wa ló ń lọ, títí kan Ìdòwú. Màmá Ẹlẹ́ja, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín.

Mo ra jákẹ́ẹ̀tì mẹ́fà fúnra mi, mi ò fẹ́ gbára lé ti ọkọ̀. Méjì fún àgbà ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀kan tó tóbi fún Màmá, mẹ́ta ti ọmọdé. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà fún Ìdòwú kò dára, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo dán an wò. Mo wọ̀ ọ́ fún un lágbàlá, mo di gbogbo okùn rẹ̀, mo wá di èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú, mo gbé e sókè díẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì yẹn gòkè, ọmọ dúró sílẹ̀. Ó bo etí rẹ̀ méjèèjì, ẹnu rẹ̀ wọ inú ọrùn aṣọ, ojú rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Ẹ̀rù bà mí. Bó ṣe máa rí nínú omi nìyẹn. Mo dá a padà, mo wá èyí tó kéré, tó ní okùn tó gba àárín ẹsẹ̀ kọjá. Nígbà tí mo gbé ìyẹn, Ìdòwú bá a gòkè.

Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ń wọ̀ ọ́ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìde. Táyé ló ń ka aago. Mo fẹ́ kó ti mọ́ wọn lára kí a tó débẹ̀, kí ọmọ má máa sunkún pé ó gbóná.

Màmá Ẹlẹ́ja

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ọkàn mi rọlẹ̀. Ẹ pè mí tí ẹ bá dé Igbókọ̀dá, ẹ tún pè mí tí ẹ bá kúrò lórí omi.

Bàbá Ìbejì Lágéré (oṣù kìíní)

A ti lọ, a ti bọ̀, gbogbo wa pé. Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an ni.

Ìrìn náà fúnra rẹ̀ kò le. A sùn sí Igbókọ̀dá. Kùrukùru wà láàárọ̀, a dúró títí agogo mẹ́sàn-án fi kọjá. Awakọ̀ fẹ́ kánjú, mo sọ fún un pé àwa là ń háyà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Ewé wé ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan, Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ ní, "Wọ́n ti sọ ọ́." Màmá jókòó lẹ́yìn lórí ìrọ̀rí, wọn ò sọ̀rọ̀ rárá.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé, òórùn omi yí padà, ó di ti iyọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ lanu. Wọ́n fi èdè Ìlàjẹ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, ó sì dá wọn lóhùn. Ìyàwó mi ní òun ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu wọn láti kékeré, pé bí ohùn ọmọge ló rí.

A rí ìlú. Èyí tó kù nínú rẹ̀. Òpó ilé dúró nínú omi láìsí ilé lórí. Afárá pákó kan lọ tààrà, ó sì já sófo. Àwọn ènìyàn kí wa tayọ̀tayọ̀. Obìnrin kan tó ń yan ẹja mọ orúkọ bàbá Màmá, ó gbé àga fún wọn.

Wọ́n ní kí awakọ̀ gbé wọn lọ sí ibi tí ilé àwọn wà. Mo bi awakọ̀ bóyá ó léwu, ó ní omi rọ̀ lọ́jọ́ náà, pé òun ò ní jìnnà sí etí ilẹ̀. Ó lọ díẹ̀, Màmá ní kó dúró, ó pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́: "Ilé ìhunṣọ nìyí. Ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ nìyí, ọwọ́ ibí ló kọjú sí. Ilé ìdáná nìyí, ẹ ò rí i bó ṣe gùn tó?" Omi ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó ń rìn lójú ọ̀nà, ọwọ́ wọn kò sì gbọ̀n. Tíṣà, mo gbà á sílẹ̀ tán pátá, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Ìdòwú nawọ́ tẹ̀ lé wọn, ó bi wọ́n pé, "Màmá àgbà, yàrá yín ńkọ́?" Wọ́n wo ibì kan fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Abẹ́ wa níbí."

Ọmọ Obòkun, mo gbé ike dání bí ẹ ṣe wí. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n bu omi náà, wọ́n fi bọ́jú, wọ́n da ìyókù padà, wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn fẹ́ gbé lọ.

Wọ́n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Orúnkún dùn wọ́n fún ọjọ́ méjì, ó ti lọ.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀ṣà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ńkọ́?

Bàbá Ìbejì Lágéré

A wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí a dé, kò kọjá bó ṣe máa ń rí. Dókítà ti rí wọn.

Jákẹ́ẹ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lọ́wọ́ mi ní Lágéré. Mo ti fi omi tútù ṣan iyọ̀ kúrò lára wọn, mo sá wọn síbòòji. Méjì gba àgbà, ọ̀kan gba ẹni tó sanra, méjì gba ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mọ́kànlá, ọ̀kan gba ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹni tó bá ń lọ ní oṣù kejì kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kó wá kó wọn. Mi ò gba owó. Ẹ ṣá dá wọn padà kí ẹlòmíràn lè lò ó.